Ṣé oògùn àtọ̀sí ajá wà fún ọmọ ọdún 4?

Oògùn wà, màmá. Ẹ ní ọmọ yín máa ń tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wẹ̀ lódò ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń kán ní ìparí ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ náà wò.

Praziquantel ni wọ́n máa ń lò. Aràn tí èèyàn ń kó nínú odò ló ń fa àtọ̀sí ajá, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé. Tí oògùn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, calcium á ya wọ inú ara aràn náà, á sún kì, awọ rẹ̀ á bó, ara ọmọ á wá ráyè pa á.

Ìkorò oògùn náà ni wàhálà, bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Èròjà méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n jọra bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì: ọ̀kan ń pa aràn, èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, òun ló sì korò jù. Àwọn onímọ̀ yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì ṣe arpraziquantel, tó ń yọ́ sínú omi, fún ọmọ oṣù 3 sí ọdún 6. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2024.

Bí wọn ò bá ní in, wọ́n lè lo ti àtijọ́ fún ọmọ yín, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà ẹ má dá a bù nílé. Kì í sábà pa aràn tí kò tíì dàgbà, ẹ béèrè ìgbà tí ẹ máa padà wá.