Màámi, ṣé ọmọ ni mí àbí ẹrú?

Ẹ kú iṣẹ́, Màámi. Aránṣọ ni mí ní Ìṣẹ́yìn. Bàbá mi kò gbé ìyá mi níyàwó kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí bàbá wa papòdà lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo rán aṣọ ẹbí, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò sí lára pósítà òkú. “Àti àwọn ọmọ mìíràn” ni wọ́n kọ. Wòlíì ìjọ wa ní ègún ìbí mi ni kò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù mi gbèrú. Mo ṣe ìtúsílẹ̀, mo sanwó. Wọ́n tún ní ìdè kan ṣì kù, kí n wá san òmíràn. Gbogbo Sátidé ni mò ń gbá ilé Ọlọ́run. Bí mi ò bá lọ, oorun kì í kùn mí. Ṣé ọmọ Ọlọ́run ni mí, àbí ẹrú Rẹ̀ lásán?
Aránṣọ, Ìṣẹ́yìn

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ pósítà yẹn dùn mí wọra. Ìwọ tó rán aṣọ tí gbogbo wọn wọ̀ sin bàbá yín ni wọ́n wá pè ní “mìíràn”!

Ọmọ ni ọ́. O ti gba Jésù gbọ́, ọmọ ni ọ́.

Jókòó ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Gálátíà, orí 3 àti 4. Àwọn yẹn ti gbàgbọ́, wọ́n ti gba Ẹ̀mí Mímọ́, kí àwọn kan tó dé, tí wọ́n ní ìyẹn kò tó, àfi kí wọ́n kọlà. Inú bí Pọ́ọ̀lù gidi. Ó bi wọ́n léèrè ẹni tó dì wọ́n lójú. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ náà nìyẹn, ìtúsílẹ̀ olówó ló wá rọ́pò ìkọlà. Bí ẹnikẹ́ni bá tún dárúkọ ègún ìbí fún ọ, ní kó ka ẹsẹ 13 orí 3 sókè, kó sì ka Ìsíkíẹ́lì 18 ẹsẹ 20 tẹ̀ lé e.

Ní orí 4, Pọ́ọ̀lù ní Ọlọ́run gbà wá ṣọmọ, ọmọ sì ni àrólé. Àwọn tó kọ̀wé sí mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó lábẹ́ òfin Róòmù. Tíbéríù Késárì tí Lúùkù dárúkọ ní orí 3, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, kì í ṣe Àgọ́sítù tó ṣáájú rẹ̀ ló bí i. Ọkọ tí ìyàwó Àgọ́sítù kọ́kọ́ fẹ́ ló bí i. Lọ́dún 4 Sànmánì Kristi ni Àgọ́sítù gbà á ṣọmọ. Lọ́dún 14 ó gorí oyè. (Ìwà àwọn Késárì kọ́ ni mo ń yìn, òfin wọn ni mò ń wí.) Ẹni tí a gbà ṣọmọ kì í ṣe ọmọ ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Mi ò ní kí o má gbàdúrà nípa iṣẹ́ rẹ. Gbà á dáadáa. Ṣùgbọ́n iná tí kò sí àti owó epo jẹnẹrétọ̀ lè tó láti dá ṣọ́ọ̀bù aránṣọ dúró, láìsí ègún kankan.

Ilé Ọlọ́run tí ò ń gbá, máa gbá a bí ó bá wù ọ́. Ọmọ náà ń gbálẹ̀ ilé bàbá rẹ̀. Sátidé tí ó bá rẹ̀ ọ́, sùn.

Ti ogún bàbá rẹ, má fi í sílẹ̀ nítorí pé o jẹ́ Kristẹni. Ìwé Òfin Nàìjíríà ọdún 1999, abala 42, kò gbà kí a fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Mú ẹnìkan láti ìdílé ìyá rẹ dání, ẹ lọ bá olórí ẹbí bàbá rẹ. Bí wọn ò bá gbọ́, wá agbẹjọ́rò.

Owó ìtúsílẹ̀ kejì yẹn, má san án. Fi ra òwú àti abẹ́rẹ́, kí o sì kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí olórí ẹbí.