Ṣé èéfín jẹnẹrétọ̀ lè pani bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀?
Ó lè pani dáadáa. Kì í ṣe èéfín dúdú tí à ń rí ló léwu jù, gáàsì carbon monoxide inú rẹ̀ ni: kò láwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ, ọ́síjìn kò wá ní rí ọ̀nà dé ọpọlọ. Ẹni tó ti sùn lè má jí.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, ó kéré tán mítà 6, kí ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ kọ̀yìn sí fèrèsé. Fáránda kọ́ ni àyè rẹ̀, títí kan "I better pass my neighbour" kékeré yẹn. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ jáde síta, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn, kì í ṣe Panadol.