Báwo ni ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ṣe ń bọ́ ìdílé tí ebi ń pa?

Lára irè oko tí àwọn ọmọ ìjọ kó wá fún ìdúpẹ́ ìkórè ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé nílẹ̀ Yorùbá ti ń yọ oúnjẹ fún opó, arúgbó àti aláìní. Iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa, nígbà míì adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, ló máa ń wà níwájú pẹpẹ. Wọ́n á lu díẹ̀ ní gbànjo fún àpò ìjọ, wọ́n á pín ìyókù. Àmọ́ ìgbà tí oúnjẹ pọ̀ ni ìkórè ń bọ́ sí. Kí iṣu tuntun tó jáde ni ebi ń mú jù. Nígbà náà, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ lè dá gàrí àti ẹ̀wà jọ ní kóńgò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rọra gbé e lọ sílé onítọ̀hún. Àwọn ìjọ kan kì í pín nǹkan kan o, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà.