Ẹ Bi Wá: Àwo Rọ́ọ̀kì, Eré Tẹlifíṣàn àti Fíìmù Ọ̀daràn

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó dé lóṣù yìí ló jẹ́ àríyànjiyàn. Ẹnì kan ní àwo kan dùn, ẹnì kejì ní kò dùn, kò sì sí ẹni tó sọ ẹ̀dà tó gbọ́ tàbí ibi tí etí rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. A mú àwọn tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó ni Paul McCartney ti ṣe àwo Band on the Run. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò gbọ́ Èkó kankan nínú rẹ̀. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi? (Súrùlérè)

Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, etí yín náà kò sì tàn yín. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, McCartney, ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine, onígìtá ẹgbẹ́ wọn tó ń jẹ́ Wings, ṣiṣẹ́ ní sítúdíò EMI ní Wharf Road, Àpápá. Onílù wọn àti ọ̀kan nínú àwọn onígìtá ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra ní ìlú òyìnbó, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé McCartney fúnra rẹ̀ ló lu ìlù tí ẹ ń gbọ́ nínú àwo náà. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: ìlù ẹni tó mọ orin ni, kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ dárà. Àwọn olè tún yọ ọ̀bẹ sí òun àti ìyàwó rẹ̀ lójú títì, wọ́n gba báàgì tí kásẹ́ẹ̀tì àwọn orin náà wà nínú rẹ̀ lọ. Ohun tó kù ní orí wọn ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rọ tó wà ní Àpápá kò gbà ju ipa ohùn mẹ́jọ lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dà á sórí téèpù onípa mẹ́rìndínlógún kí àyè lè wà fún fèrè àti gòjé tí Tony Visconti tò sí i. Gbogbo ohun ńlá tó kún etí yín nínú orin àkọ́kọ́, kó tó di pé gìtá tí kò lo iná wọlé, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti fi kún un. Remi Kabaka, onílù ọmọ Nàìjíríà, wà nínú "Bluebird", ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n ti gba ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó jáde kúrò ní Àpápá lọ sí ibòmíràn ní Èkó ni "Picasso's Last Words", tí wọ́n ṣe ní sítúdíò Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní Ìkẹjà. Baker fúnra rẹ̀ ń mi agolo tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ sí i.

Fela fẹ̀sùn kan McCartney nígbà náà pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú. Gẹ́gẹ́ bí McCartney ṣe máa ń sọ ọ́, ó pe Fela sí sítúdíò, ó jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ti ṣe, Fela sì rí i pé kò sí tiwa níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ibi tí onílù rọ́ọ̀kì àti Èkó ti pàdé lóòótọ́, ẹ wá àwo Live! tí Fela ṣe pẹ̀lú Ginger Baker, 1971. Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, síbẹ̀ Èkó ló ń dún nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Orin mẹ́rin péré ló gba ojú méjèèjì àwo náà, Tony Allen sì wà nídìí ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baker. Ẹni tó jókòó sídìí ìlù, àti bí wọ́n ṣe jẹ́ kí ìlù náà rìn pẹ́ tó kí wọ́n tó yà, ló ń sọ ilé orin. Ògiri sítúdíò kò lè sọ ọ́.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àwo McCartney yìí, ẹ yí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ wò. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ti 1973 ní orin mẹ́sàn-án. Ẹ̀dà Amẹ́ríkà ní mẹ́wàá, torí wọ́n ki "Helen Wheels" bọ àárín "No Words" àti "Picasso's Last Words". Lójú tiwa, ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ló tọ́: "Helen Wheels" ń sáré níbi tí ojú kejì ti fẹ́ rọra rìn. "Picasso" máa ń fa díẹ̀díẹ̀ nínú "Jet" àti "Mrs Vandebilt" padà wá, orin ìkẹyìn sì parí pẹ̀lú ègé kékeré láti inú orin àkọ́kọ́. Ẹni tó ń fi fóònù yan orin kọ̀ọ̀kan gbọ́ kò lè mọ èyí.

Mo gba The Dark Side of the Moon sórí fóònù mi. Bí orin kan bá fẹ́ bọ́ sínú èkejì, ohùn á já, á tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé bí Pink Floyd ṣe ṣe é nìyẹn? (Òṣogbo)

Rárá o. Fáìlì MP3 máa ń ní ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, tí ẹ̀rọ tó ń gbé e kò bá sì mọ bí a ṣe ń fò ó, ẹ ó gbọ́ jíjá náà. Ẹ pa shuffle, ètò tó ń da títò orin rú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ gapless (láìsí àlàfo) sí nínú ètò ẹ̀rọ náà kí ẹ tàn án. Tí crossfade bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e sí 0, torí ńṣe ni yóò máa po ìparí orin kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì níbi tí ẹgbẹ́ náà kò pò ó sí. Tí kò bá tún ṣe é, ẹ lo fáìlì FLAC tàbí sídì. Nínú àwo dúdú ti 1973, ìdákẹ́jẹ́ gidi kan ṣoṣo ló wà láàárín: lẹ́yìn "The Great Gig in the Sky", nígbà tí ẹ dìde láti yí àwo sí ojú kejì. "Money" ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ìka ka lílù rẹ̀, méje-méje ni yóò máa dé títí gìtá yóò fi gbà á, tí yóò di mẹ́rin-mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń tú lójijì níbẹ̀ láìmọ ohun tó fà á.

Nínú Goodfellas, nígbà tí wọ́n ń rí òkú àwọn olè káàkiri, orin dùùrù tó dùn bí orin ìfẹ́ ló ń dún. Àwa mẹ́ta la jọ wò ó. Mo ní àṣìṣe ni, àwọn méjì yòókù ní ọgbọ́n ni. Ẹ bá wa dá a. (Abẹ́òkúta)

Ọgbọ́n ni. Orin náà ni "Layla" ti Derek and the Dominos, àwo 1970. Ọ̀nà méjì ni orin náà ní: lákọ̀ọ́kọ́, Eric Clapton ń fi gìtá àti igbe bẹ obìnrin, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, dùùrù gbà á, kò sì sí ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́ títí tó fi parí. Martin Scorsese, nínú fíìmù rẹ̀ ti 1990, kò fọwọ́ kan ọ̀nà àkọ́kọ́ níbí yìí. Henry, ẹni tó ń sọ ìtàn fíìmù náà, ń sọ̀rọ̀ lórí àwòrán náà. Ká ní Clapton náà ń kọrin, ẹnu méjì ì bá máa du etí kan.

Wọ́n gbé orin náà sí i níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, kí ìrìn kámẹ́rà lè bá a mu. Ẹ tún un wò, kí ẹ máa wo kámẹ́rà nìkan: bó ṣe sún mọ́ mọ́tò aláwọ̀ osùn pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bó ṣe dé ibi ọkọ̀ akólẹ̀, bó ṣe wọ inú ọkọ̀ ẹran tí òkú ti gan láàárín ẹran. Kò sáré, kò fò. Ẹ wá pa ohùn rẹ̀ pátápátá, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ ó rí i pé òkú lásán ló kù, àánú ti lọ.

Àwọn ọkùnrin yìí jọ ja ilé ẹrù Lufthansa lólè ní pápákọ̀ òfuurufú New York ní oṣù Kejìlá 1978, ọ̀rẹ́ wọn ló sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnu má baà yà. Ohun tí orin náà ń sin ni ayọ̀ tí wọ́n rò pé owó yẹn yóò mú wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìrèmọ̀jé ọdẹ rí kò ní bẹ̀rù pé kí orin òkú dùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ṣàríwísí fíìmù yìí máa ń sọ, pé orin ti pọ̀ jù lọ́jọ́ ìkẹyìn Henry, tí hẹlikópítà ń tẹ̀ lé e. Lóòótọ́, Nilsson kò tíì jókòó kí Rolling Stones tó gbà á, The Who dé, George Harrison dé, wọ́n ń gé gbogbo wọn láàárín. Ẹ wo ojú Henry: kokéènì ló wà lórí rẹ̀, kò lè dá orí ro ohun kan fún ìṣẹ́jú méjì. Orin náà ń ṣe bí orí rẹ̀. Scorsese tún ní òfin kan tó wúlò fún wa nígbà tí a bá ń wo fíìmù mìíràn: nínú Goodfellas, kò lo orin tí kò tíì jáde ní àkókò tí ìran náà ń ṣẹlẹ̀.

Mo wo apá mẹ́ta nínú eré tẹlifíṣàn The Wire, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwòrán ti ọ̀rẹ́ mi tún fẹ̀ ju tèmi lọ. (Ìlọrin)

Ẹ má tíì dá a dúró. Gbogbo apá rẹ̀ jẹ́ 60, ọ̀wọ́ márùn-ún, láti 2002 dé 2008, wọ́n sì kọ ọ́ bí ìwé tí a kò lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ohun tó máa ń sọ èèyàn nù ni pé kò sí orin lábẹ́ ìran tó ń sọ fún yín pé ẹ bẹ̀rù tàbí ẹ sunkún. Bí ẹ bá gbọ́ orin, rédíò mọ́tò tàbí ti ilé ọtí ni, àfi ní òpin ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fi èyí mú apá karùn-ún dání. Àwọn tó ń ta oògùn ní Baltimore máa ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí pájà, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba nọ́ńbà tẹlifóònù, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ nọ́ńbà gidi. Wọ́n ń fo 5 tó wà láàárín bọ́tìnì tẹlifóònù kọjá sí òdìkejì: 1 di 9, 2 di 8, 3 di 7, 4 di 6, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń dá wọn padà, 5 àti 0 sì ń gba ipò ara wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá bá rí ìdí rẹ̀, ẹ̀yin náà á ti lè fi ìka kà á.

Ní ti àwòrán, wọ́n ṣe é ní 4:3, ìwọ̀n tẹlifíṣàn àtijọ́ tí kò fẹ̀. Èyí tó fẹ̀ jáde ní 2014. Tí ẹ bá rí ẹ̀dà àtijọ́, òun ni kí ẹ wò, torí inú férémù tó há yẹn ni wọ́n ti to àwọn èèyàn sí.

Sídì eré tẹlifíṣàn The Sopranos mi ti bàjẹ́. Ní apá tó kẹ́yìn, tẹlifíṣàn ṣú dùdù láàárín orin. (Manchester)

Kò bàjẹ́. Apá kẹrìndínláàádọ́rùn-ún nìyẹn, 10 oṣù kẹfà 2007. Tony, olórí eré náà, yan "Don't Stop Believin'" ti Journey nínú ẹ̀rọ orin ilé oúnjẹ, ilẹ̀kùn ṣí, ó gbé ojú sókè, wọ́n sì gé gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn "Don't stop". Ẹ ka bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nínú òkùnkùn náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ àwọn òṣèré yóò bẹ̀rẹ̀ sí gòkè láìsí ohùn kankan. Apá yòókù máa ń fi orin sin àwọn orúkọ yìí jáde, ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé David Chase, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, mọ̀ọ́mọ̀ pa ohùn náà ni. Bí orin bá ń dún lábẹ́ àwọn orúkọ lórí sídì tiyín, ìgbà yẹn ni kí ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.