Ẹ Bi Wá: Omi Real del Monte

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo kà á pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì wa fàdákà ní Real del Monte ní Mẹ́síkò láyé ọjọ́un, síbẹ̀ gbèsè ni wọ́n jẹ. Báwo lèèyàn ṣe ń jókòó lórí fàdákà kó tún wọko gbèsè?

ÌDÁHÙN: Omi ni. Orí òkè ni ìlú náà wà, nítòsí Pachuca ní ìpínlẹ̀ Hidalgo, ó fi ohun tó lé ní mítà 2,600 ga ju ojú òkun lọ. Bí kòtò bá ṣe ń jìn sí i ni omi ń ya wọ̀ ọ́ sí i. Láyé Pedro Romero de Terreros, ọlọ́rọ̀ tó ni ibi ìwakùsà náà ṣáájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè kí omi lè máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n omi kì í gun òkè: fàdákà tó bá wà nísàlẹ̀ ọ̀nà yẹn, àfi kí wọ́n fa omi rẹ̀ sókè. Nígbà tí ogun òmìnira Mẹ́síkò kúrò lọ́wọ́ Sípéènì bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1810, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀, omi sì gba kòtò.

Lọ́dún 1824, ilé-iṣẹ́ kan láti Lọ́ńdọ̀nù háyà ibẹ̀, ó sì kó àwọn awakùsà Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àwọn tó mọ ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń tì. Ẹrù ẹ̀rọ náà tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,500. Lọ́dún 1825 tí wọ́n dé, àwọn ará Sípéènì ṣì wà nínú odi San Juan de Ulúa, iwájú èbúté Veracruz gan-an, nítorí náà etíkun Mocambo ni wọ́n já ẹrù sí. Òjò dé, ẹrẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù mì, ibà pọ́njú sì pa púpọ̀ nínú wọn. Oṣù karùn-ún 1826 ni ẹrù tó gòkè dé ìlú.

Ẹ̀rọ fa omi lóòótọ́. Owó tí wọ́n ná kí omi lè lọ ló ju owó fàdákà lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa tà á fáwọn ará Mẹ́síkò ní ìparí àwọn ọdún 1840, nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 pesos ti wọgbó. Àwọn tó rà á kò pẹ́ kí wọ́n tó kan fàdákà ní kòtò Rosario, ní Pachuca nísàlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ fàdákà kúrò lára òkúta?

ÌDÁHÙN: Bartolomé de Medina ló gbé ọ̀nà náà kalẹ̀ ní Pachuca, ní nǹkan bí ọdún 1555. Wọ́n á lọ òkúta kúnná títí á fi dà bí ẹrẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sí àgbàlá olókùúta, wọ́n á da iyọ̀ sí i, ìbaaka á sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni magistral, ìyẹn òkúta bàbà tí wọ́n sun tí wọ́n lọ̀, kí wọ́n tó wọ́n makíúrì sí i, ìyẹn irin olómi tó ń so mọ́ fàdákà. Ìbaaka á tún máa tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí òtútù bá mú, ó lè gba oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọwọ́ ti ń yàtọ̀ sọ́wọ́ nìyí: ọ̀gá á bu díẹ̀, á fọ̀ ọ́ nínú igbá, á wo ojú makíúrì. Tó bá ṣú, tó fọ́ wẹ́wẹ́, magistral ti pọ̀jù. Wọ́n á ní ó "gbóná", wọ́n á fi ẹfun sísun pa á. Tó bá ń dán láìyí padà, ó "tutù", magistral kò tíì tó. Ẹni tó bá ṣì í wò, makíúrì rẹ̀ á bá ẹrẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́.

Èyí tó kù lẹ́yìn fífọ̀ ni wọ́n á fún nínú àpò aṣọ, kí wọ́n tó fi iná lé makíúrì jáde lára fàdákà. Almadén ní Sípéènì ni púpọ̀ makíúrì yìí ti ń wá, ọba sì nìkan ló ń tà á. Tí ọkọ̀ òkun kò bá dé, iṣẹ́ àgbàlá dúró nìyẹn.