Màmá mi fẹ́ rí òkun Kalkan: ṣé orúnkún wọn á gbà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ní Leeds fi fọ́tò abúlé Kalkan ní Túrkì hàn mí, èyí tí àwọn òbí rẹ̀ yà láyé ìgbà tí kò tíì sí nǹkan níbẹ̀ ju ilé funfun mélòó kan àti ọkọ̀ apẹja lọ. Mo fẹ́ mú màmá mi lọ nínú oṣù Kẹjọ. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni wọ́n ń lò, físà ìlú Ọba wà nínú rẹ̀. Tèmi jẹ́ ti ìlú Ọba. Ṣé abúlé náà ṣì rí bí mo ṣe rí i yẹn? Wọ́n tún ní a lè ti ibẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gíríìkì kan.

Ìdáhùn: Ẹ mú Màmá lọ, àmọ́ ẹ má ṣe é lóṣù Kẹjọ. Àwọn onílé gan-an kì í dúró sí Kalkan lásìkò yẹn láyé àtijọ́. Bí ooru bá ti mú, wọ́n á kó ẹrù àti ẹran ọ̀sìn, wọ́n á gòkè lọ sí Bezirgan níbi tí atẹ́gùn tútù wà, ó di ìgbà tí ooru bá rọlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Àwa àlejò la wá sọ oṣù tí wọ́n ń sá fún di oṣù fàájì. Láti àárín oṣù Kẹsàn-án títí dé àárín oṣù Kẹwàá ni kí ẹ lọ. Òkun á ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́, oòrùn ò ní jó Màmá, owó ilé á sì ti wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó wọ oṣù Kọkànlá, torí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ti máa ń tilẹ̀kùn nígbà náà.

Ní ti fọ́tò yẹn, àárín ìlú ṣì jọ ọ́. Àwọn Gíríìkì ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà tó ń jẹ́ Kalamaki, kí àdéhùn pàṣípààrọ̀ àwọn ènìyàn láàárín Gíríìsì àti Túrkì lọ́dún 1923 tó kó wọn kúrò. Ilé wọn ṣì wà, pẹ̀lú bákónì onígi. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó wà lẹ́bàá èbúté sì ti di mọ́ṣáláṣí. Ibi tó ti yí padà ni ẹ̀gbẹ́ òkè lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ní Kalamar àti Kışla. Ilé àyágbé ló kún ibẹ̀ báyìí, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Àwọn ará ìlú Ọba ló pọ̀ jù nínú àlejò wọn. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ò ti ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ibẹ̀.

Orúnkún Màmá ló jẹ mí lógún jù. Ara òkè tó dà gẹ̀rẹ́ sínú òkun ni wọ́n kọ́ Kalkan lé. Àwọn ọ̀nà tóóró tó lẹ́wà nínú fọ́tò yẹn, àtẹ̀gùn òkúta ló pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń fi ilé háyà á sọ pé “ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí èbúté”. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń sọ, kò ní mẹ́nu ba ìgòkè. Ilé tàbí òtẹ́ẹ̀lì kékeré tó súnmọ́ èbúté ni kí ẹ wá, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn: àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ẹnu ọ̀nà dé ibùsùn? Wọ́n gbọ́dọ̀ dá yín lóhùn kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ ilé àyágbé, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni òfin ti ní kí ilé tí wọ́n ń fi háyà fún àlejò ìgbà díẹ̀ gba àṣẹ ìjọba, kí àmì àṣẹ náà sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Etíkun Kalkan fúnra rẹ̀ kéré, òkúta wẹ́wẹ́ ni, omi ìsun tó ń tú jáde lábẹ́ òkun sì máa ń mú kó tutù láwọn ibì kan. Ẹ gbé Màmá lọ sí Patara, kò jìnnà. Yanrìn ibẹ̀ tó kìlómítà 18, omi rẹ̀ kò sì jìn lójijì. Ojú ọ̀nà etíkun yẹn ni ẹ ó ti rí àwókù ìlú àtijọ́ tí wọ́n gbà pé wọ́n ti bí Nicholas mímọ́, tí wọ́n sọ di Bàbá Kérésì. Màmá á ní ìtàn tí wọ́n máa rò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn wà létíkun náà lálẹ́ ní àsìkò tí ìjàpá òkun ń yé ẹyin. Etíkun Kaputaş tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wò ó látòkè títì. Àtẹ̀gùn tó súnmọ́ 200 ló wà níbẹ̀.

Pápákọ̀ òfurufú Dalaman ni kí ẹ gbà, ẹ má ṣe gba ti Antalya: ìrìn ojú títì láti Dalaman dé Kalkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti Antalya.

Ẹ̀yin ò nílò físà Túrkì. Màmá nílò rẹ̀, àmọ́ físà ìlú Ọba tó wà nínú páàsípọ́ọ̀tù wọn, bí kò bá tíì parí, lè jẹ́ kí wọ́n gba ti Túrkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní evisa.gov.tr nìkan, àwọn alágbàtà máa ń fowó lé e. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni físà yìí fàyè gbà kí wọ́n wọlé. Ìdí nìyẹn tí Màmá kò fi gbọ́dọ̀ bá yín wọkọ̀ ojú omi láti Kaş, ìlú tó wà nítòsí Kalkan, lọ sí Meis, erékùṣù Gíríìkì tí ẹ ń sọ yẹn. Wọ́n á nílò físà Schengen kí wọ́n tó lè wọ Gíríìsì, bí wọ́n bá sì tún fẹ́ padà sí Túrkì, físà àkọ́kọ́ ti tán nìyẹn. Ẹ̀yin lè lọ ní tiyín, kí ẹ sì dé ní ìrọ̀lẹ́, bí Màmá bá gbà kí ẹ fi àwọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.