Ṣé ẹ̀rọ ultrafiltration lè gbà wá lọ́wọ́ chlorine?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Borehole kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò ní ẹ́sítéètì wa ní Lẹ́kkí. Omi náà máa ń mọ́ lóló tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àmọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, á ti pọ́n nínú ike. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tún máa ń níyọ̀ lẹ́nu. Ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ ultrafiltration fún wa. Ó ní tí a bá ti gbé e sílẹ̀, ó parí, a ò nílò chlorine mọ́ láéláé. Ṣé òótọ́ ni? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbójútó. Ẹ̀rọ náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, ihò wà láàárín okùn kọ̀ọ̀kan bíi ti stírọ́ọ̀ tí wọ́n fi ń mu mínírà. Ara okùn yìí ni membrane: ó ní ojú tí èèyàn ò lè rí, nǹkan bíi 0.01 sí 0.1 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Pọ́ǹpù á ti omi gba ara rẹ̀ kọjá, ohun tó bá tóbi ju ojú yẹn lọ á kù síta.

Lára ohun tó jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ omi ìlú fẹ́ràn rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1993. Kòkòrò tó ń jẹ́ Cryptosporidium wọnú omi ẹ̀rọ, ìgbẹ́ gbuuru sì kọlu èèyàn bíi 400,000. Chlorine wà nínú omi náà o, àmọ́ èèpo kòkòrò yìí yi, chlorine ò ràn án. Micron 4 sí 6 ló tóbi tó. Tí membrane bá ti pé, kò ríbi gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti yòrò á bá omi kọjá ni, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà tiyín wà. Irin ló yòrò sínú omi tó kọ́kọ́ mọ́ tó wá ń pọ́n. Kò rí atẹ́gùn nínú ilẹ̀. Bó bá jáde, á dípẹtà. Ẹ̀rọ yẹn á sẹ́ ẹ tán, omi á tún pọ́n nínú tánkì yín. Èyí tó bá dípẹtà sójú membrane tún burú jù, torí omi tí ẹ̀rọ fi ń fọ ara rẹ̀ kì í ká a, àfi citric acid, ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi máa ro sílẹ̀ láti orí páànù oníhò kó lè gba atẹ́gùn, kó silẹ̀, kó sì gba inú asẹ́ oníyanrìn. Ó lè jẹ́ pé ìyẹn nìkan á sọ irin rẹ̀ kalẹ̀ sí 0.3 mg/L (mìlígírámù nínú lítà omi kan) tí òfin Nàìjíríà fẹ́.

Ní ti iyọ̀, ultrafiltration ò mọ̀ ọ́n rí. Reverse osmosis, ẹ̀rọ mìíràn tí ojú membrane tirẹ̀ kéré ju ti èyí lọ, ló ń yọ ọ́, òun sì ń jẹ iná, ó ń da apá kan omi nù, chlorine sì ń ba membrane tirẹ̀ jẹ́. Oṣù Kẹta ni kí ẹ gbé omi lọ sí láàbù, kì í ṣe oṣù Keje tí òjò ti bomi là á. Tí chloride, èròjà inú iyọ̀, bá ju 250 mg/L lọ, ẹ padà wá bá mi.

Chlorine ńkọ́? Ẹ ṣì nílò rẹ̀, torí membrane kì í tẹ̀lé omi délé. Tí iná bá lọ, tí pọ́ǹpù dákẹ́, páìpù tó ń jò lè fa omi gọ́tà mu. Ó yẹ kí chlorine tó kù ní ẹnu ẹ̀rọ tó jìnnà jù tó 0.2 mg/L, ó kéré tán.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ ní kí ẹni náà fi atẹ́gùn dán an wò lójú yín: wọ́n á fún atẹ́gùn sí i, wọ́n á máa wo géèjì. Bí géèjì bá ń já wálẹ̀ kíákíá, okùn kan ti já níbì kan. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ omi tó bá ń lo membrane láti mú Cryptosporidium gbọ́dọ̀ ṣe irú àyẹ̀wò yìí lójoojúmọ́. Ẹ bi í pẹ̀lú ta ni yóò máa ṣe é tó bá ti gbowó rẹ̀ lọ.